Bí A Ṣe Ń Yan Ọrùn Mìíràn fún Gìtá Báàsì Láì Da Owó Nù

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ọrùn gìtá báàsì kiri ọjà Alaba, orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò: ṣé ó jọ ti Fender, ilé iṣẹ́ gìtá Amẹ́ríkà yẹn, ṣé orúkọ wà lára rẹ̀, ṣé ó ń dán. Ìdí ọrùn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ìdí yẹn ló máa wọ inú kòtò tó wà lára gìtá, òun àti ibi tí wọ́n kan bridge mọ́, ìyẹn irin tó di ìdí okùn mú lára gìtá, ni wọ́n jọ ń pinnu bóyá gìtá máa dún ní ohùn. Bí ìwọ̀n méjèèjì ò bá bára mu, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe tí ohùn rẹ̀ máa pé, bó ti wù kí ọrùn náà wọ́n tó.

Ẹ wá rúlà irin tó ní mm, téèpù, owú ìránṣọ funfun, àti vernier caliper, ìyẹn ohun ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì. Ti oníke tí kò wọ́n náà ń ṣiṣẹ́. Ilé lẹ ti máa kọ gbogbo ìwọ̀n sílẹ̀, kì í ṣe iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ṣé ọrùn yẹn ti kú lóòótọ́?

Ọrùn tó tẹ̀ kì í ṣe ọrùn tó kú. Gìtá tó ń gbé inú ṣọ́ọ̀ṣì, tí AC ń fẹ́ sí lọ́jọ́ Àìkú, tí ooru àti ọ̀rinrin sì ń bá a jà ní ọjọ́ mẹ́fà tó kù, kò sí bí ọrùn rẹ̀ ò ṣe ní máa lọ sókè sódò. Ẹ fi ìka kan tẹ okùn E, èyí tó nípọn jù, mọ́ fret àkọ́kọ́ (fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn), ẹ fi òmíràn tẹ̀ ẹ́ mọ́ fret tó kẹ́yìn, kí ẹ wá wo àlàfo tó wà láàárín okùn náà àti fret keje tàbí ìkẹjọ. Nǹkan bíi 0.3 mm la ń wá. Káàdì ATM nípọn tó 0.76 mm, bó bá wọ àlàfo yẹn wẹ́rẹ́ láì kan okùn, ọrùn ti tẹ̀ jù. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ó ti yọ gẹ́gẹ́ sẹ́yìn nìyẹn.

Ẹ dẹ okùn díẹ̀, kí ẹ yí truss rod, ìyẹn irin tó wà nínú ọrùn, ní ìdá kan nínú mẹ́rin àyípo. Ẹ dè é bí ọrùn bá tẹ̀ síwájú, ẹ tú u bó bá yọ gẹ́gẹ́ sẹ́yìn. Ẹ tún okùn fà sí ohùn, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀pọ̀ ọrùn tí wọ́n ti pè ní òkú ló máa jí níbí.

Èyí tó kú gan-an máa fara hàn. Bí ẹ bá ti de truss rod dé òpin tí ọrùn ṣì tẹ̀, tàbí tí irin náà ń yí lófìfo láì mú nǹkan kan, ó parí. Bí ẹ bá gbé gìtá sójú bí ẹni fẹ́ yìnbọn, tí ẹ wo ojú ọrùn láti ìdí dé orí, tí etí ọ̀hún tó gbé okùn E àti etí kejì tó gbé okùn G kò rìn déédéé pọ̀, ó ti lọ́, truss rod kì í tún èyí ṣe. Igi tó là níbi orí tàbí ní ìdí náà ń bẹ. Àmọ́ fret tó ti jẹ kì í ṣe ìdí láti ra ọrùn: oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi òmíràn sí i.

Ohun kan tún wà tó ń tan àwọn èèyàn jẹ. Lórí ọ̀pọ̀ báàsì irú ti Fender, ibì kan wà lórí okùn G, láàárín fret karùn-ún sí ìkeje, tí ohùn ti máa ń kú kíákíá. Bí igi ọrùn ṣe ń gbọ̀n ló fà á. Bí ẹ bá torí ẹ̀ ra ọrùn mìíràn tó jẹ́ irú kan náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ tún bá a níbẹ̀.

Ẹ yí gìtá padà kí ẹ wo ẹ̀yìn

Bí ẹ bá rí síkúrúù mẹ́rin níbi tí ọrùn ti pàdé ara, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí síkúrúù, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ tàbí kí igi ọrùn gba àárín ara kọjá. Báàsì Höfner tó dà bíi fáyólìn, gọ́ọ̀mù ni. Irú wọn kọjá ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí ń sọ.

Gígùn okùn: scale

Láti nut, ìyẹn ibi tí okùn ti ń kúrò ní orí wá sójú ọrùn, ẹ wọ̀n ọ́n dé àárín gbùngbùn fret kejìlá. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ohun tí ẹ rí ni scale. Bó bá jẹ́ 431.8 mm dé fret kejìlá, scale 34 íǹṣì ni. Òun ni Fender lò fún báàsì rẹ̀ méjì, Precision ní 1951 àti Jazz ní 1960, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tẹ̀ lé. 381 mm já sí 30 íǹṣì, 406.4 mm já sí 32, 444.5 mm já sí 35, èyí tí àwọn olókùn márùn-ún kan ń lò. Scale ọrùn tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba, kò sí àtúnṣe níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń jìn sí kòtò gan-an nìyí: scale lè dọ́gba kí ọrùn má sì bá ara gìtá mu. Ẹ tú ọrùn àtijọ́ kúrò. Ẹ wọ̀n láti ògiri kòtò, níbi tí ìparí ọrùn ti ń fara kàn, dé orí saddle okùn G, ìyẹn irin kékeré tí okùn náà gùn lórí bridge. Kí ẹ wá wọ̀n ọrùn tí ẹ fẹ́ rà, láti ìparí igi ìdí rẹ̀ dé nut. Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Fún scale 34, àpapọ̀ rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 863.6 mm tàbí kó fi mm bíi mélòó kan lé e. Saddle lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ ó níbi tó ń dé. Ẹ wo bí síkúrúù rẹ̀ ṣe gùn tó kí ẹ mọ ibi tó mọ.

Ọrùn fret 21 sábà máa ń ní ojú tó yọ kọjá igi ìdí rẹ̀. Ẹ má wọ̀n láti ibi tó yọ yẹn o. Ibi tí igi ìdí parí sí gan-an ni. Ọrùn fret 24 ti yàtọ̀ pátápátá. Lórí scale 34, fret ogún, èyí tó kẹ́yìn lórí ọ̀pọ̀ ọrùn Fender, wà ní 591.6 mm sí nut, fret 24 sì wà ní 647.7 mm. Ìyàtọ̀ yẹn ju 55 mm lọ. Bí igi ìdí rẹ̀ bá gùn dé ibẹ̀, ẹ máa ní láti ṣí bridge nípò, ọ̀nà pickup, ìyẹn ohun tó ń gbọ́ ohùn okùn, sì lè dí.

Kòtò ara gìtá

Ti Fender fẹ̀ tó nǹkan bíi 63.5 mm ní ìparí, ó jìn tó nǹkan bíi 16 mm, igi ìdí ọrùn sì nípọn tó 25.4 mm. Àwọn tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà àti Indonéṣíà lè fi mm kan tàbí méjì yàtọ̀, síbẹ̀ ojú lásán ò ní mọ̀ ọ́n. Yàtọ̀ sí caliper, ẹ gé páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú ti cornflakes, tẹ̀ ẹ́ sínú kòtò, kí ẹ máa gé etí rẹ̀ títí yóò fi jókòó gẹ́lẹ́. Páálí yẹn máa gbé bí igun kòtò ṣe rí jáde, bóyá ó ṣe róbótó tàbí ó mú ṣánṣán. Òun lẹ máa mú lọ sọ́jà, kò sí ariyanjiyan tó lè bá a jà.

Bí igi ìdí bá fẹ̀ ju kòtò lọ díẹ̀, ẹ máà fi òòlù gbá a wọlé. Ọ̀dà ara gìtá máa sán, igi náà sì lè là. Inú kòtò ni kí ẹ fi sáńdípépà fá, kì í ṣe ọrùn. Bó bá rọ̀, tí àlàfo ju 0.5 mm lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọrùn á máa yẹ̀, okùn E tàbí G á sì fẹ́ máa jábọ́ létí ojú ọrùn.

Ẹ wo nínípọn ìdí náà dáadáa. Ọrùn tó nípọn tó 25.4 mm nínú kòtò 16 mm máa yọ 9.4 mm sókè. Bí ọrùn tuntun bá fi 2 mm nípọn jù, ẹ kàn máa gbé saddle sókè tó 2 mm. Bó bá fi 2 mm fẹ́lẹ́ jù ni wàhálà dé: okùn á ga, saddle tó ti wálẹ̀ pátápátá ò sì ní lè wálẹ̀ mọ́.

Ní ti ihò síkúrúù, ti Fender jẹ́ 38 mm sí 51 mm láti àárín ihò kan sí èkejì. Ọrùn tí wọn ò tíì lu ìdí rẹ̀ ló dára jù. Èyí tí wọ́n ti lu sábà máa ń fi mm kan yẹ̀, mm kan yẹn ló sì ń ti gbogbo ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹni tó fẹ́ sọ olókùn mẹ́rin di márùn-ún

Ẹ fi í sílẹ̀. Ìdí ọrùn olókùn márùn-ún fẹ̀ ju kòtò yín lọ, bridge ò ní gbà á, pickup ò ní gbọ́ okùn tó wà létí. Bó bá jẹ́ ohùn B ìsàlẹ̀ ni ẹ nílò fún orin ìyìn, ẹ ra okùn olókùn márùn-ún, kí ẹ yọ G sílẹ̀, kí ẹ fi B, E, A, D sí báàsì olókùn mẹ́rin yín. Ẹ máa ní láti fi fáìlì fẹ ojú nut díẹ̀, kí ẹ sì tún truss rod yí. Owó ọrùn ò tíì jáde lápò.

Fífẹ̀, fret àti ojú ọrùn

Nut Jazz fẹ̀ tó 38 mm, ti Precision òde òní tó nǹkan bíi 41 mm. Ọrùn Jazz lè wọ ara Precision tó bá jẹ́ ti Fender, ọ̀pọ̀ olùlù ló sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Radius, ìyẹn bí ojú ọrùn ṣe tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìgò, wà láti 7.25 dé 12 íǹṣì àti jù bẹ́ẹ̀; kò ba nǹkan jẹ́, ẹ kàn máa fi saddle bá a mu. Fret stainless steel kì í tètè jẹ, òógùn ò sì ń ṣe é ní nǹkan kan. Bí ẹ bá ń lù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó tó owó rẹ̀.

Truss rod àti igi: ibi tí Èkó ti ń dán ọrùn wò

Okùn mẹ́rin tó ti wà ní ohùn ń fi agbára tó ju 70 kg lọ fa ọrùn, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ, tọ̀sán-tòru. Ẹ fi ọ̀rinrin òkun àti ọ̀sà kún un ní Èkó, ẹ fi ọyẹ́ tó ń gbẹ igi ní December sí February kún un. Ẹ ò lè yẹ truss rod sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń yí i ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ lọ. Bó bá jẹ́ orí ọrùn ni, ìṣẹ́jú kan ti tó. Àwọn tí wọ́n fi àgbá kékeré tí wọ́n ń fi irin tín-ín-rín yí sí ìparí ojú ọrùn náà dára. Èyí tó wà ní ìdí, irú ti àtijọ́, ẹ ní láti dẹ okùn, tú ọrùn, yí i, dá a padà, fa okùn, wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè bí kò bá pé. Ẹni tó ń gbé Yaba tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ojú ọjọ́ ń yí gìtá rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta lọ́dún, kò yẹ kó fi owó ara rẹ̀ ra ìyà yẹn. Bó bá ṣeé ṣe, kó jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ sọ́tùn-ún sósì, torí irú tó ń ṣiṣẹ́ sí apá kan ṣoṣo kò lè ran ọrùn tó yọ gẹ́gẹ́ sẹ́yìn lọ́wọ́. Ọrùn tí wọ́n fi ọ̀pá graphite méjì sí ẹ̀gbẹ́ truss rod kì í sábà yẹ̀. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n níbí, òun ni mo máa kọ́kọ́ yàn ṣáájú igi tó lẹ́wà.

Maple ni igi ọrùn tó wọ́pọ̀ jù. Maple tí wọ́n yan nínú ààrò, tó ń pọ́n bíi kọfí, kì í mu omi bíi ti tútù, àmọ́ ó máa ń gbẹ gbáú, ó sì lè là tí ihò síkúrúù bá kéré jù. Bí wọ́n bá ta maple tí kò ní ọ̀dà fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ kùn ún ní gbogbo ojú: ẹ̀yìn, orí, ìparí ìdí, àti inú ihò tuner, ìyẹn ohun tí wọ́n ń yí fa okùn, pàápàá. Ibi tí ẹ bá fi sílẹ̀ ni omi máa gbà wọlé. Polyurethane tí àwọn káfíńtà ń lò dára. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó gbẹ, ẹ fi sáńdípépà 400 fá a, kí ẹ tún kùn ún. Ojú rosewood kì í gba ọ̀dà, òróró díẹ̀ ni ti ẹ̀. Ní ti káfíńtà tó ní òun lè fi mahogany gbẹ́ ọrùn fún yín: ó lè gbẹ́ ẹ kó jọ ọ́, àmọ́ igi tí kò gbẹ dé inú máa lọ́, ojú fret tó bá yẹ̀ díẹ̀ ni ohùn ti bàjẹ́ títí láé.

Tuner

Ẹ wọ̀n fífẹ̀ ihò tó wà ní orí ọrùn tuntun. Tuner ńlá ayé àtijọ́ ń fẹ́ ihò 17.5 mm, àwọn tó fúyẹ́ ń fẹ́ nǹkan bíi 14 mm. Ihò tó kéré, ẹ lè fẹ̀ ẹ́. Ihò tó tóbi jù, òrùka irin tí ń dín in kù lẹ máa wá. Ẹ wo ìwúwo orí ọrùn náà: ọrùn tó ní tuner wúwo lórí ara gìtá tó fúyẹ́ máa fẹ́ máa dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ bá ti fi í kọ́rùn.

Ní ọjà

Ọrùn tuntun tó dá wà pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà bíi Warmoth àti Allparts, tí Fender fún ní àṣẹ láti ṣe irú tiwọn. Ó gùn tó nǹkan bíi 85 cm, ó sì ṣòro kó wọ àpótí kékeré. Ẹni tó ń bọ̀ láti London lè dá a lé igun sí igun nínú àpótí ńlá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi páálí nìkan dì í. Ní Èkó fúnra rẹ̀, gìtá tòkúnbọ̀ tí ara rẹ̀ ti bàjẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọrùn tó ń jáde ní ọjà ti ń wá. Owó rẹ̀ sábà máa ń dín, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń ra ọkọ̀.

Oníṣòwò á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọrùn Jazz original nìyí, ó máa wọ̀ ọ́ kíá." Ẹ dáhùn pé, "Ó dáa, ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n gbé páálí mi lé ìdí rẹ̀." Bó bá kọ̀, ẹ máa lọ.

Bó bá gbà, ẹ wọ̀n ìdí, fífẹ̀ àti nínípọn, kí ẹ tó wo nǹkan mìíràn. Ẹ wọ̀n láti nut dé fret kejìlá. Ẹ fi Allen key yí truss rod díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì kí ẹ lè mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ń mú. Ẹ wo gígùn ọrùn láti ìdí. Ẹ gbé etí rúlà lé fret mẹ́ta mẹ́ta. Bó bá ń mì tìtì, fret àárín ga. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ kọjá: bí etí fret bá ń gún yín lọ́wọ́, igi ti súnkì, ẹ lè fi fáìlì tún un ṣe, àmọ́ ẹ fi dínwó. Ẹ wo ihò síkúrúù bóyá ẹnì kan ti fi igi ìṣáná dí wọn.

Fífi í sí i

Ẹ jẹ́ kí ọrùn náà wà nílé yín fún ọjọ́ bíi mẹ́ta kí ẹ tó lu ohunkóhun. Igi tó ti òkè òkun dé ní láti mọ ojú ọjọ́ yín.

Bí ihò àtijọ́ bá wà tí kò bá mu, ẹ fi dírílì 6 mm fẹ̀ ẹ́, gbá igi líle róbótó 6 mm pẹ̀lú Top Bond sínú rẹ̀, kó sùn di ọjọ́ kejì, kí ẹ gé e dọ́gba. Igi ìṣáná ò lè mú síkúrúù tó ń gbé ọrùn.

Ẹ gbé ọrùn sínú kòtò, ẹ fi kíláàǹpù mú un pẹ̀lú aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ na owú méjì láti ojú nut tí okùn E àti G ń gbà dé saddle wọn. Àlàfo láti owú sí etí ojú ọrùn gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì títí dé fret tó kẹ́yìn. Ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pé. Wákàtí kan tí ẹ bá lò níbí ò ṣòfò. Ihò ara gìtá gbọ́dọ̀ tóbi tó 4.5 mm kí síkúrúù máa bọ́ kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Bí síkúrúù bá ń mú igi ara, ó máa ti ọrùn sókè, àlàfo á sì wà nísàlẹ̀ tí ojú ò rí. Ẹ ti dírílì gba inú rẹ̀, kí ẹ fi sàmì sí ìdí ọrùn, kí ẹ wá yọ ọrùn jáde.

Fún síkúrúù 4.2 mm, ihò inú maple jẹ́ 3.2 mm. Ní ti jíjìn: síkúrúù 45 mm máa gba irin ẹ̀yìn tó tó 1.5 mm kọjá, ó máa gba igi ara tó kù lábẹ́ kòtò, nǹkan bíi 28.5 mm, ó wá ku 15 mm nínú ọrùn. Ẹ lu ihò 17 mm, ẹ wé téèpù mọ́ ẹnu dírílì níbẹ̀. Bí ẹ bá lù ú dé 25 mm, ẹnu dírílì lè yọ láàárín fret.

Ẹ fi àbẹ́là pa síkúrúù, kì í ṣe ọṣẹ. Ọṣẹ ń fa omi mọ́ra, síkúrúù á dípẹtà síbẹ̀. Ẹ dè wọ́n lọ́nà àgbélébùú, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí okùn bá ti wà ní ohùn, ẹ tú síkúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìdá mẹ́rin àyípo títí ẹ ó fi gbọ́ "kọ́" kékeré, ọrùn ti jókòó mọ́ ògiri kòtò nìyẹn. Ẹ dè wọ́n padà.

Truss rod lẹ kọ́kọ́ máa tò, 0.3 mm. Lẹ́yìn náà, gíga okùn lórí fret kẹtàdínlógún: 2.4 mm fún E, 2 mm fún G. Bí saddle bá ti wálẹ̀ pátápátá tí okùn ṣì ga, ẹ tẹ́ igi fẹ́lẹ́ bíi 0.5 mm sínú kòtò ní apá tó kọjú sí bridge. Ó máa dẹ ọrùn sẹ́yìn. Ìparí ni kí ẹ fi saddle tún ohùn ṣe: bí ohùn fret kejìlá bá ga ju ti okùn lásán lọ, ẹ fa saddle sẹ́yìn, bó bá lọ sílẹ̀, ẹ tì í síwájú. Okùn tuntun ni kí ẹ lò, èyí tó ti gbó kì í sọ òótọ́. Ẹ tún wọ̀n àlàfo fret keje lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àti nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀.